Ìbàdàn àti Ọ̀ràn Ìjàyè, 1859–1862: Ìwádìí Lórí Kíkó Ogun Ré Kọjá Ààlà

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ti pẹ́ nílẹ̀. Bí àwọn oníjà kan, tàbí olórí kan tí ó ní ọmọ ogun lẹ́yìn, bá ń da ìlú rú lẹ́bàá ààlà wa, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a kó ogun lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, àbí kí a jókòó sí ilé kí a máa ṣọ́ odi wa? Ní oṣù keje ọdún 2023, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey, ìbéèrè yìí gba ẹnu gbogbo Nàìjíríà kan. Àjọ ECOWAS fún àwọn tí ó gba ìjọba náà ní ọ̀sẹ̀ kan láti dá Ààrẹ padà sí ipò, wọ́n sì sọ pé àwọn lè lo agbára ogun. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Àbújá ti gba Ààrẹ Nàìjíríà ní ìmọ̀ràn pé kí a fi ọgbọ́n ìṣèlú yanjú rẹ̀. Nínú gbogbo àríyànjiyàn ìgbà náà, díẹ̀ ni àwọn tí mo gbọ́ tí wọ́n dárúkọ Ìjàyè. Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàyè kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí; ẹni tí ó bá gba Mọ́níyà tí ó dorí kọ Ìsẹ́yìn yóò kọjá níbẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Ìdí tí mo fi mú Ìjàyè ni pé a rí ìbéèrè náà níbẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní ọdún 1860 Ìbàdàn kó ogun lọ bá olórí kan tí ó ń yọ Aláàfin lẹ́nu. Ní ọdún kan náà ni Ẹ̀gbá kúrò ní ilé tiwọn láti lọ gba olórí náà sílẹ̀. Ìlú méjèèjì ni ó gbà pé ààbò ara òun ni òun ń wá, kò sì sí èyí tí ó rí i nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ṣẹ́gun pátápátá. Èrò mi ni pé nínú ìgbìmọ̀ tí wọ́n ṣe kí ogun tó bẹ́, agbára ọ̀tá nìkan ni wọ́n gbé lé orí ìwọ̀n. Wọn kò wọn ohun tí ìlú náà ń ṣe fún àwọn fúnra wọn níwọ̀n ìgbà tí ó ṣì wà ní ìdúró.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa ẹ̀rí. Odò tí gbogbo wa ti ń pọn omi ni ìwé Samuel Johnson, èyí tí ó parí ní 1897 tí a kò sì rí tẹ̀ jáde títí di 1921. Ìbàdàn ni àwọn òbí Johnson gbé e wá láti Sàró, lábẹ́ iṣẹ́ ìjọ CMS. Ọmọdékùnrin ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá ni ní ìgbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ìtàn ogun náà lẹ́nu àwọn tí ó jà á, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn aṣẹ́gun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde, ìfẹ́ tí òǹkọ̀wé náà sì ní sí ìtẹ́ Ọ̀yọ́ kò pamọ́ fún ẹni tí ó bá ka ìwé rẹ̀ dáadáa. Orí ire ni pé àwọn ajíhìnrere wà ní ìlú méjèèjì tí wọ́n ń kọ̀wé sílé: Adolphus Mann ní Ìjàyè láti 1853, David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ ní Ìbàdàn, àti àwọn Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà, Bowen àti Stone, tí àwọn náà gbé Ìjàyè. Nínú àwọn onímọ̀ ìtàn tiwa, Bíòbákú (1957) tọ ipa Ẹ̀gbá nínú ọ̀rọ̀ náà, Àjàyí àti Smith (1964) yẹ ogun Ìjàyè fúnra rẹ̀ wò, Awẹ́ àti Fálọlá sì ti tú bí Ìbàdàn ṣe ń jẹun palẹ̀ fún wa. Mo tún gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan eré Ọlá Rótìmí tí ó ń jẹ́ Kurunmi (1971), nítorí pé nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́kọ́ bá ọkùnrin náà pàdé. Eré tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n eré kò béèrè iye tí wọ́n ń ta iyọ̀ nígbà ogun, bẹ́ẹ̀ ni òpìtàn kò gbọdọ̀ ṣàìbéèrè.

Ìlú Ẹ̀gbá ni Ìjàyè jẹ́ tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìbàdàn náà ti jẹ́. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń fọ́, tí ogun Ìlọrin sì ń lé àwọn ará ọ̀dàn wọ inú ẹgàn, àwọn asáwọ̀lú láti apá Ọ̀yọ́ gba ilé tí àwọn Ẹ̀gbá fi sílẹ̀. Àwọn onílé kọjá lọ sí abẹ́ Olúmọ, níbi tí wọ́n ti tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí 1830. Ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ jagunjagun ni ó jùmọ̀ ń ṣe ìlú, tí oyè sì ń lọ láti ilé dé ilé. Ní Ìjàyè, ọkùnrin kan ṣoṣo ni. Kúrunmí kó agbára ogun, owó òde àti ẹjọ́ sí abẹ́ ara rẹ̀. Bí Johnson ti wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìbọ òrìṣà mọ́ àwọn àwòrò lọ́wọ́. Síbẹ̀ ìlú náà kún. Bowen, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1857, fojú bù ú pé àwọn ará Ìjàyè tó 35,000, àwọn ará Ìbàdàn sì tó 70,000. Ìrìn ọjọ́ kan ni ó wà láàrin wọn, àwọn ará ìlú méjèèjì sì jẹ́ ìbátan: ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sá wọ Ìbàdàn, àbúrò rẹ̀ lè ti sá wọ Ìjàyè.

Àtìbà, Aláàfin tí ó tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó, mọ̀ pé òun kò ní ọmọ ogun tí ó lè ká àwọn ìlú méjì yìí lọ́wọ́ kò. Oyè ni ó fi dè wọ́n. Ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ìbàdàn ni yóò máa dojú kọ Ìlọrin ní àríwá àti ìlà-oòrùn. Ìjàyè ni yóò máa ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn. Ètò yìí ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Nígbà tí Ìbàdàn bá ń jagun ní Ìjẹ̀ṣà tàbí ní Èkìtì, kò ní láti yíjú wẹ̀yìn wo ohun tí ń bọ̀ láti apá Ògùn, nítorí pé Kúrunmí wà níbẹ̀ tí ó ń ṣọ́ ọ, yálà ó fẹ́ràn Ìbàdàn tàbí kò fẹ́ràn wọn. Wọ́n ti bá ara wọn jà rí, ní nǹkan bí 1844, nínú ogun tí à ń pè ní Bátẹ̀dó. Olúyọ̀lé ni ó gbé e dìde, kò sì borí. Lẹ́yìn náà wọ́n padà sí àlàáfíà, ó sì tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àlàáfíà náà fi wà.

Àtìbà wàjà ní 1859. Àṣà tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá Aláàfin kú. Àtìbà ti fẹ́ kí àṣà náà parí, ó sì ti bá àwọn olórí sọ ọ́ ṣáájú ikú rẹ̀ pé Adélù, Àrẹ̀mọ òun, ni kí wọ́n fi jọba. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí kọ̀. Nígbà tí Adélù gun orí ìtẹ́, Kúrunmí kò lọ bá a yọ̀, kò sì pè é ní ọba.

Àwa tí a ń ka ìtàn yìí lónìí máa ń yára fi orúkọ fún un: ọlọ̀tẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí a rọra. Ọlọ̀tẹ̀ ni lójú Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n lójú ara rẹ̀, òun nìkan ni ó ṣẹ́ kù tí kò ṣọ̀tẹ̀ sí ohun tí àwọn baba fi lélẹ̀. Orúkọ tí a bá sọ oníjà tí ó wà lẹ́bàá ààlà ni ó máa ń fún wa ní àyè láti kó ogun tọ̀ ọ́ lọ, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ fún un ní orúkọ náà sábà máa ń ní ẹjọ́ tirẹ̀ tí ó fẹ́ kí a bá òun rò.

Ọ̀rọ̀ ogún ni ó fa ojú ọ̀ràn ya. Obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ó ń jẹ́ Abu kú ní Ìjànà láìní àrólé. Nípa òfin àtijọ́, ààfin ni ó ni irú ogún bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n apá ibẹ̀ wà lábẹ́ ojú Ìjàyè, Kúrunmí kò sì gbà pé Ọ̀yọ́ ní ọba. Adélù rán àwọn ènìyàn láti lọ kó ogún náà. Ọmọ ogun Ìjàyè dá wọn lọ́nà, wọ́n jà, wọ́n sì kó nínú àwọn ará Ọ̀yọ́ ní ìgbèkùn. Ìránṣẹ́ lọ, ìránṣẹ́ bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò wọ ara wọn. Adélù yíjú sí Ìbàdàn.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dé iwájú ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. Olúgbòdé ni Báálẹ̀, Ìbíkúnlé ni Balógun, Ògúnmọ́lá ni Ọ̀tún Balógun. Johnson sọ fún wa pé Ìbíkúnlé kò fẹ́ ogun yìí, ṣùgbọ́n pé Ògúnmọ́lá ń gbóná sí i. Ó ṣe ni ní kàyéfì díẹ̀ pé ẹni tí ogun jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó ti kó Ìbàdàn lọ sí Èkìtì tí ó sì ṣẹ́gun, ni ó fà sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó lè pè é ní ojo. Bóyá nítorí pé òun ni yóò kó wọn lọ ni ó ṣe mọ ohun tí ó wà níbẹ̀: ìlú tí ó tóbi, tí ó mọ ogun jíjà bí àwọn ti mọ̀ ọ́n, tí àwọn ọmọ ìyá wọn sì ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí Kúrunmí lọ́rùn, kí a wo èyí tí ó kan Ìbàdàn tààrà. Àrẹ̀mọ tí kò bá baba rẹ̀ kú, ẹjọ́ Ọ̀yọ́ ni. Ogún Abu, ti Ọ̀yọ́ ni. Àwọn tí wọ́n kó ní ìgbèkùn, ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n. Òtítọ́ ni pé Ìbàdàn ń pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ Aláàfin, ìránṣẹ́ kì í sì í wo olúwa rẹ̀ níran. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ tí ó lágbára ju olúwa rẹ̀ lọ ni Ìbàdàn, ó sì mọ bí a ti ń wojú ọ̀run nígbà tí àṣẹ Ọ̀yọ́ kò bá wù ú. A gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn kún un. Iṣẹ́ Fálọlá (1984) ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Ní Ìbàdàn, ogun ni ọ̀nà oyè. Ẹrú tí a bá kó ni ó ń ro oko, tí ó ń gbé ẹrù, tí ó ń di ọmọ ogun lẹ́yìn olówó rẹ̀. Olóyè tí kò bá rí ogun lọ yóò rí i pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ya sí agboolé ẹlòmíràn. Nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sọ pé kí a dúró ni yóò máa wá àwíjàre, ẹni tí ó ní kí a lọ kò ní láti ṣàlàyé púpọ̀. Àwọn obìnrin oníṣòwò tí iyọ̀ àti aṣọ wọn ń gba ọ̀nà etíkun ní Ìyálóde tí ó ń gbẹnu sọ fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn olórí ogun ni ó ń dájọ́ ogun.

A kò lè sọ pé gbogbo ogun tí Ìbàdàn kó jáde ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1840, ogun Ìlọrin sàga ti Òṣogbo. Àwọn ará Òṣogbo fúnra wọn ni ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, nítorí pé ìlú náà fẹ́ bọ́. Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ kó ogun lọ, wọ́n fọ́ àgọ́ Ìlọrin, ìṣẹ́gun náà sì dá àwọn ẹlẹ́ṣin dúró tí wọn kò tún lè sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù mọ́. Mo ti gbọ́ nínú ìjíròrò àwa akẹ́kọ̀ọ́ pé Òṣogbo fi hàn pé ó dára kí a máa kó ogun ré ààlà. Ó fi nǹkan hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti rí: àwọn tí iná ń jó ni ó pe ẹni tí yóò pa á, ọ̀tá wà ní ojú gbangba nínú àgọ́, kò sí nínú ìlú láàrin obìnrin àti ọmọdé, nígbà tí àgọ́ sì fọ́, iṣẹ́ parí. Òṣogbo wà ní ìdúró lẹ́yìn ogun náà, ó sì di odi fún Ìbàdàn láti ìgbà náà lọ. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí a rí ní Ìjàyè. Àwọn ará Ìjàyè kò pe Ìbàdàn. Kò sí ibi tí a ti lè mú Kúrunmí láìfọ́ ìlú rẹ̀. Bí a bá sì fọ́ ìlú rẹ̀, odi ìwọ̀-oòrùn ti lọ.

Ogun bẹ́ ní 1860. Ohun tí àwọn tí ó fẹ́ ẹ kò fi sínú ìṣirò ni Abẹ́òkúta. Kúrunmí ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá, Ẹ̀gbá sì wá. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ìlú baba wọn ni ó ń gbé. Ohun tí wọ́n rò ni pé bí Ìbàdàn bá gbé Ìjàyè mì, àwọn ni ó kàn. Bíòbákú ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa pé Ẹ̀gbá ń wo Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí agbára tí ó ń wá ọ̀nà dé òkun, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà òkun náà gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú kọjá. Nítorí náà àwọn náà ré kọjá ààlà láti lọ pa iná náà lókèèrè. Ọgbọ́n kan náà ni Ìbàdàn lò sí Kúrunmí ni Ẹ̀gbá lò sí Ìbàdàn, ohun tí ó sì yẹ kí ó jẹ́ ìjà ìlú méjì di ìjà gbogbo ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀gbá dí ọ̀nà, Ìjẹ̀bú-Òde dí ti wọn. Ìbàdàn tí ó rò pé òun dojú kọ ìlú kan rí i pé ọwọ́ ti yí òun ká láti gúúsù.

Ìjà náà gun. Wọ́n ń jà lẹ́bàá odò Ọ̀ṣẹ́, níbi tí Kúrunmí ti pàdánù ọmọkùnrin márùn-ún ní ọjọ́ kan bí Johnson ti ròyìn. Ọkùnrin arúgbó náà kò kọjá rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹfà 1861, ìlú rẹ̀ ṣì wà nínú ìsàgatì. Ó yẹ kí á dúró síbí díẹ̀. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kó ogun wá ti kú. Kò sí ẹni tí yóò tún sọ pé Adélù kì í ṣe ọba mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀sùn Ọ̀yọ́ ni Ìbàdàn bá wá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣùgbọ́n ogun náà ṣì gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sí i, Ìjàyè kò sì bọ́ títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 1862. Ní àkókò yìí, Ìbàdàn kò lè lọ sílé kí ó fi Ẹ̀gbá sílẹ̀ nínú Ìjàyè, Ẹ̀gbá kò sì lè lọ kí ó fi Ìjàyè sílẹ̀ fún Ìbàdàn. Ogun náà ti bí ìdí tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nínú ìlú, ìyàn mú. Oko kò ṣeé dé. Mann àti ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú àwọn tí ọgbẹ́ wà lára wọn títí tí òògùn fi tán. Stone àti àwọn Onítẹ̀bọmi kó àwọn ọmọ aláìlóbìí jọ, wọ́n sì kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Johnson kọ ọ́ pé àwọn ará Ìjàyè ń fi ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà fún Ẹ̀gbá nítorí oúnjẹ, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì di ẹrú tí wọ́n tà. Bí a bá tilẹ̀ ní kí a yọ díẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé Johnson kò fẹ́ràn Ẹ̀gbá, ohun tí ó kù tó láti mú orí ẹni wú: àwọn tí ó wá gba ìlú náà sílẹ̀ ń jèrè lára ebi rẹ̀. Nígbà tí Ìbàdàn wọ̀lú, wọ́n kó àwọn tí ó kù, wọ́n sì sun ìlú.

Kí ni Ìbàdàn rí gbà? Ẹrú, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní ti ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú Òkè-Ògùn tí ó wà lábẹ́ Kúrunmí padà sí abẹ́ Aláàfin, ẹni tí kò jìyà ogun náà tó Ìbàdàn. Ní ti àlàáfíà, kò sí. Láti ọjọ́ tí Ìjàyè ti bọ́ ni Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ti di aládùúgbò tí kò sí ẹnì kankan láàrin wọn. Ìjà náà ṣí lọ sí Rẹ́mọ, nítorí pé Ìpẹ̀rù gbà kí ọjà Ìbàdàn kọjá, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1864. Ní 1865 Ẹ̀gbá sàga ti Ìkòròdú, ìlú mìíràn tí kò dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn; ọmọ ogun Glover láti Èkó ni ó lé wọn kúrò ní oṣù kẹta ọdún náà. Ẹ rántí pé Èkó tí a ń wí yìí ti bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ 1861, nígbà tí gbogbo wa ń wo Ìjàyè.

Ìyà tí ó jẹ Ìbàdàn nínú ìṣẹ́gun rẹ̀ hàn kedere nínú ìwé Anna Hinderer. Ọ̀nà dí, owó àti oúnjẹ tí ó yẹ kí ó ti Èkó wá kò wọlé. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń ta ohun èlò ilé wọn fún owó ẹyọ kí àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn lè jẹun. Kò rí ọ̀nà jáde títí di oṣù kẹrin 1865, nígbà tí Captain Maxwell gba inú igbó wá mú un lọ sí Èkó. Bí ó bá rí báyìí fún ilé ajíhìnrere tí ó ní ọ̀rẹ́ nínú ìlú, ẹ fojú inú wo ilé alágbẹ̀dẹ tàbí ti aláró tí kò ní ìwé tí yóò kọ sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbá náà san tirẹ̀. Dàhòmì ti kọlu Abẹ́òkúta ní 1851, a sì lé e padà. Ní oṣù kẹta 1862, oṣù kan náà tí Ìjàyè bọ́, Dàhòmì run Ìṣàgá, ìlú tí ó wà lọ́nà Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹta 1864 ó tún dé ẹnu odi Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀. Èmi kò ní sọ pé ogun Ìjàyè ni ó mú Dàhòmì wá, nítorí pé Dàhòmì ní ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìṣàgá ń jó, ìjà tí Ẹ̀gbá gbà pé yóò dáàbò bò wọ́n ti gbé agbára wọn lọ sí ibòmíràn.

Ẹnì kan lè béèrè pé: bí Ìbàdàn bá jókòó, ṣé Kúrunmí kò ní gbilẹ̀ sí i? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Arúgbó ni Kúrunmí ní 1860, gbogbo agbára Ìjàyè sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Kò ti ilé kan kalẹ̀ tí yóò gba ipò rẹ̀ láìjà. Bátẹ̀dó ti fi hàn pé Ìjàyè lè dáàbò bo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ó ń múra láti wá jẹ Ìbàdàn run. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó máa ni Ọ̀yọ́ lára, kí ó sì máa dá àwọn ènìyàn Aláàfin lọ́nà. Èyí burú, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀. Owó ìràpadà àti sùúrù lè kápá rẹ̀ fún ọdún díẹ̀ títí Kúrunmí yóò fi papò dà. Mo gbà pé ìgbàgbọ́ tèmi nìyí, mi ò lè fi í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀rí tí ó súnmọ́ wa jù wà ní adágún Chad. Ní oṣù kejì 2015, ọmọ ogun Chad ré kọjá ààlà wọ Gámbòrú ní Borno, wọ́n sì lé Boko Haram kúrò níbẹ̀. Àdéhùn wà láàrin àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí adágún náà ká pé kí wọ́n jùmọ̀ jà. Lójú ogun, ó yọrí. Ní oṣù kẹta 2020, àwọn oníjà náà kọlu àgọ́ àwọn ọmọ ogun Chad ní Bohoma, nínú ilẹ̀ Chad fúnra rẹ̀, àwọn tí ó kú sì súnmọ́ ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Ààrẹ Déby kéde pé ọmọ ogun òun kò ní máa jà ní òde ààlà mọ́. Chad jọ Ìbàdàn ti Òṣogbo ju ti Ìjàyè lọ, nítorí pé ó bá àdéhùn wá, kò sì wá fọ́ ìlú. Síbẹ̀, nígbà tí a ń jà níta, ilé kò gbà pé òun ní olùṣọ́. Àwọn tí ó ń pè ní 2023 pé kí ogun wọ Niger mẹ́nu kan bí àwọn ológun ibẹ̀ ti pọ̀ tó. Díẹ̀ ni ó béèrè ohun tí Niger, ní ìdúró, ń ṣe fún Sókótó àti Kátsínà.

Èmi kò sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí pé kí ìlú kankan má ṣe ré ààlà láéláé. Òṣogbo kò jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ní 1860 lè borí Kúrunmí, wọ́n sì borí rẹ̀. Ohun tí kò sí ẹni tí ó dáhùn, tàbí bí Ìbíkúnlé bá dáhùn rẹ̀, tí Johnson kò kọ sílẹ̀ fún wa, ni èyí: ta ni yóò wà ní Ìjàyè ní ọjọ́ kejì? Ìdáhùn tí ìtàn fún wọn ni Ẹ̀gbá. Ní 1877, nígbà tí Ààrẹ Látòóṣà tún kó ogun jáde, ọ̀nà tí Ẹ̀gbá dí mọ́ àwọn oníṣòwò Ìbàdàn tí ń ti Pọ́tónóvò bọ̀ ni ó fà á. Èkìtìparapọ̀ dìde lẹ́yìn Ìbàdàn ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀. Látòóṣà kú sí àgọ́ ogun ní 1885. A fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án 1886. Ọmọ ogun Ìbàdàn kò padà sílé títí di 1893.

Ní gbogbo àkókò yẹn, igbó ni Ìjàyè. Àwọn tí ó bọ́ nínú ogun fọ́n ká: àwọn kan ní Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń ya àwọn Ìjàyè asáwọ̀lú yìí sọ́tọ̀ sí àwọn Ìjàyè Ẹ̀gbá tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn kan nínú agboolé àwọn tí ó kó wọn lẹ́rú ní Ìbàdàn. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ tí ọ̀nà sì dẹrùn, àwọn kan nínú ọmọ wọn padà wá ṣán igbó náà. Ìlú tí wọ́n tún tẹ̀ dó ni à ń pè ní Ìjàyè-Òrílé, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé.